Ìrántí Orí Káàdì: Bí Òye Àtọwọ́dá Ṣe Wọ Inú Ilé

Kí ọdún 2023 tó wọlé, ẹni tó bá fẹ́ bá òye àtọwọ́dá sọ̀rọ̀, ìyẹn ọgbọ́n inú ẹ̀rọ tí tọmọdé tàgbà ti wá mọ̀ sí AI, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan, kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ó sì dá èsì padà. Láti ọdún náà wá ni àṣà mìíràn ti gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, nínú èyí tí àwọn ènìyàn ń to ẹ̀rọ jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá wọn, tí wọ́n ń gbé AI tó ṣeé gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí rẹ̀, tí wọ́n sì ń lò ó láì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn jáde kúrò nínú ilé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí kì í sùn tọ̀sán tòru, tó sì wà láti dá àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù yòókù inú ilé lóhùn, ni wọ́n ń pè ní server. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀yà ara fún un kò tíì pẹ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹ̀yà pàtàkì kan lára ẹ̀rọ náà tí wọ́n dìídì ṣe fún onílé tó fẹ́ lo AI. Ohun tí wọ́n ṣe fún onígéèmù, ohun tí àwọn awakùsà owó kírípítò lò kù, àti ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kó dànù ni onílé ń ṣà jọ. Ohun tó sì fi ń ṣà á kì í sábà jẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe mọ ìṣirò tó, bí kò ṣe iye ìrántí tó ní àti bí ó ṣe yá tó láti ka ìrántí náà.

Ìrántí, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mẹ́mórì, ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí. Ó yàtọ̀ sí dísìkì, níbi tí fáìlì ń gbé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ìrántí, ṣùgbọ́n káàdì àwòrán, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń ki bọ inú kọ̀ǹpútà kí ó lè máa gbé àwòrán jáde, ní ìrántí tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n jó mọ́ ọn lára láti ilé-iṣẹ́, tí olówó rẹ̀ kò sì lè fi kún lẹ́yìn tó bá ti rà á tán.

Àwọn onígéèmù ló ni káàdì yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ 3dfx gbé Voodoo Graphics jáde, tí àwòrán inú géèmù orí kọ̀ǹpútà ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìjìnlẹ̀ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Nvidia, tí Jensen Huang, Chris Malachowsky àti Curtis Priem dá sílẹ̀ ní California ní 1993, gbé RIVA 128 jáde ní 1997 láti bá a figagbága, ó tún gbé GeForce 256 jáde ní 1999, nígbà tí ọdún 2000 sì ń lọ sópin, òun ló fọwọ́ sí àdéhùn láti ra ohun ìní 3dfx tó ti wọ gbèsè. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ káàdì náà kò ṣòro láti ṣàlàyé: ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọ àìmọye àmì tíntìntín, àmì kọ̀ọ̀kan ń béèrè ìṣirò kékeré kan náà, ìṣirò náà sì ní láti parí ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní CPU, jẹ́ bí àgbẹ̀ alágbára kan tí kò sí iṣẹ́ oko tí kò mọ̀. Káàdì àwòrán jẹ́ bí ọ̀wẹ̀ tí gbogbo abúlé jáde sí, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò mọ̀ ju kí ó kọ ebè tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí oko náà ń tán kí oòrùn tó kan àtàrí.

Àwọn onímọ̀ ti rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí pé ọ̀wẹ̀ náà lè ṣe ju àwòrán lọ, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì ṣe ìṣirò lásán ní láti tàn án jẹ, kí ó wọ aṣọ àwòrán fún ìṣirò rẹ̀ kí káàdì tó gbà á. Ní 2004, Ian Buck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ṣe èdè kan, Brook, láti mú wàhálà yìí fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni Buck bọ́ sí Nvidia, ilé-iṣẹ́ náà sì kéde CUDA ní oṣù Bélú 2006, ní àkókò kan náà tí káàdì GeForce 8800 GTX jáde, kí ó tó fi í lé àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ní 2007. CUDA ló jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè C lè kọ ètò tí káàdì yóò ṣe tààrà láìsí ẹ̀tàn kankan. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ fún ìtàn inú ilé ni pé Nvidia kò fi CUDA mọ sórí káàdì olówó gọbọi nìkan. Káàdì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi owó ara rẹ̀ rà láti fi ṣe géèmù ló ní in pẹ̀lú. Nígbà tí Rajat Raina, Anand Madhavan àti Andrew Ng tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2009, tí wọ́n fi hàn pé káàdì lè mú kíkọ́ AI yá ní ìlọ́po-ìlọ́po ju CPU lọ, ohun èlò náà ti wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́.

Ilé gan-an ni iṣẹ́ tó yí ohun gbogbo padà ti wáyé. Alex Krizhevsky, akẹ́kọ̀ọ́ Geoffrey Hinton ní Yunifásítì Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà, ki káàdì GeForce GTX 580 méjì bọ inú kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá rẹ̀ ní ilé àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ tí òun, Ilya Sutskever àti Hinton jọ ṣe lórí rẹ̀ ló sì bí módẹ́lì tí wọ́n ń pè ní AlexNet. Módẹ́lì ni àkójọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ti kọ́ láti ara àpẹẹrẹ, tó sì ń gbé ìpinnu rẹ̀ kà. Ti AlexNet tó mílíọ̀nù 60, ó sì kọ́ wọn láti ara àwòrán bíi mílíọ̀nù 1.2 inú ImageNet, àkójọ àwòrán tí Fei-Fei Li àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kọ́ náà gba ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Nínú ìdíje mímọ ohun tó wà nínú àwòrán ní 2012, AlexNet ṣe àṣìṣe ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ẹni tó tẹ̀ lé e ṣe ìdá 26.2, láti ọjọ́ náà ni kò ti sí àríyànjiyàn mọ́ lórí ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ AI.

Àwọn òpìtàn sábà máa ń dúró lórí ìṣẹ́gun yẹn, wọn kì í sì í béèrè ìdí tí káàdì náà fi jẹ́ méjì. Gígábáìtì 3 péré ni ìrántí orí GTX 580 kọ̀ọ̀kan, gígábáìtì kan sì jẹ́ bílíọ̀nù báìtì kan, báìtì ni àyè tí lẹ́tà kan lè gbà. Módẹ́lì náà pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gba inú káàdì kan, nítorí náà wọ́n là á sí méjì, wọ́n fi apá kọ̀ọ̀kan sórí káàdì tirẹ̀, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní àwọn ìpele kan péré. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé iye ìrántí orí káàdì wà lára ohun tó dé módẹ́lì náà mọ́lẹ̀ tí kò fi tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó ti to server sínú ilé láti ìgbà náà ló ti kan ògiri kan náà.

Nvidia fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ògiri náà wà, ó sì fi ṣe ẹnubodè. Káàdì onígéèmù GTX 1080 Ti tó jáde ní 2017 ní gígábáìtì 11, ó sì jẹ́ dọ́là 699. Tesla P40, tí wọ́n ṣe fún gbọ̀ngàn ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ní 2016, tó sì jẹ́ ará ìran kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ní gígábáìtì 24, owó rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Nígbà tí ọdún 2017 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ náà fi kún àdéhùn ìlò sọ́fítíwíà GeForce pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo káàdì onígéèmù nínú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ ńlá, àyàfi fún iṣẹ́ blockchain, ìyẹn ìwé ìṣirò àjùmọ̀ní tí owó kírípítò dúró lé. Oníṣòwò tó gbọ́n kò jẹ́ fi ọjà olówó pọ́ọ́kú pa ọjà olówó iyebíye rẹ̀.

Àyàfi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún blockchain yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí àwọn awakùsà ló wá gbé ẹrù tó pọ̀ jù wọ ọjà àlòkù. Ethereum, owó kírípítò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ń san owó nígbà náà fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ yanjú ìṣirò kan, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìwakùsà, àwọn tó dá a sílẹ̀ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìṣirò náà, tí wọ́n pè ní Ethash, ní ọ̀nà tó fi jẹ́ pé yíyára ka ìrántí ló ń mú èrè wá, kí àwọn tó lówó láti ṣe ẹ̀rọ àkànṣe má baà gba iṣẹ́ náà mọ́ ẹni tó ní káàdì lásán lọ́wọ́. Ohun tí awakùsà ń wá àti ohun tí AI yóò fẹ́ lẹ́yìnwá ọ̀la wá bára mu láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀. Ní 2017 àti ní 2021, àwọn awakùsà ra káàdì débi pé onígéèmù kò rí rà mọ́ ní iye tó tọ́. Lára èyí tí wọ́n rà ni GeForce RTX 3090, tó jáde ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2020 ní dọ́là 1,499, tó ní gígábáìtì 24, tó sì lè ka gígábáìtì 936 láti inú ìrántí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2022, Ethereum yí ètò rẹ̀ padà pátápátá, ó sì fòpin sí ìwakùsà. Ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, àìmọye káàdì sì di aláìníṣẹ́.

Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń yí RTX 3090 àlòkù padà, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sanwó. Ìrántí gígábáìtì 24 náà wà nínú ṣíìpù 24, méjìlá wà níwájú lábẹ́ irin tó ń fa ooru àti àwọn fáànù, méjìlá yòókù wà lẹ́yìn, níbi tí kò sí ju pátákó irin kan tó bò wọ́n lọ. Lọ́wọ́ awakùsà tí kì í pa ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn ti ẹ̀yìn máa ń gbóná títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí káàdì ti ń fúnra rẹ̀ dẹ ìyára kí ó má baà jóná. Láti ara èyí ni àṣà ti dìde pé kí olùrà tú káàdì náà, kí ó pààrọ̀ tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ooru láti ara ṣíìpù lọ sára irin, kí ó tó gbé e sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń ra ọjà tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà kò nílò ẹni tí yóò là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀.

Káàdì ti wà báyìí, ṣùgbọ́n módẹ́lì tó yẹ kí onílé gbé lé e kò tíì sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé 2023 ni Meta, tó ni Facebook, kéde LLaMA, módẹ́lì tó ń kọ ọ̀rọ̀, fún àwọn olùwádìí tó bá tọrọ rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, fáìlì rẹ̀ ti tú síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀n mẹ́rin ni wọ́n ṣe é, èyí tó kéré jù ní nọ́ńbà bíi bílíọ̀nù 7, èyí tó tóbi jù ní bílíọ̀nù 65. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní báìtì méjì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe, èyí tó kéré jù yóò gba gígábáìtì 14, èyí tó tóbi jù yóò gba 130, iye tí kò sí káàdì inú ilé kankan tó lè gbé e. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà, Georgi Gerganov, ọmọ ilẹ̀ Bulgaria, gbé ètò kan jáde tó pè ní llama.cpp, tó jẹ́ kí LLaMA ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká Apple láìsí káàdì Nvidia rárá. Ọgbọ́n tó lò ni ìfúnpọ̀: wọ́n pín nọ́ńbà módẹ́lì sí ọ̀wọ́ 32-32, wọ́n kọ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọ̀kan nínú ipele 16 rọ́pò nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bíìtì mẹ́rin, ìyẹn ìdajì báìtì kan, ti tó fún un. Àwọn olùwádìí bíi Tim Dettmers àti Elias Frantar ti fi hàn nínú ìwé wọn ní 2022 pé irú ìfúnpọ̀ báyìí kì í ba ọgbọ́n módẹ́lì jẹ́ púpọ̀ bí wọ́n bá fara balẹ̀ ṣe é. Nípa rẹ̀, LLaMA kékeré di nǹkan bíi gígábáìtì 4, èyí ńlá sì di nǹkan bíi 40, tí RTX 3090 àlòkù méjì lè gbé láàárín ara wọn. Káàdì àwọn awakùsà àti módẹ́lì Meta pàdé lórí ìṣirò yìí, ibẹ̀ sì ni àṣà server AI inú ilé ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Ìdí tí yíyára ka ìrántí fi borí agbára ìṣirò nílò àlàyé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà. Ègé ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn ni AI fi ń kọ èsì rẹ̀, ègé náà ni wọ́n ń pè ní token, kí ó sì tó kọ ègé kan, ó ní láti ka gbogbo nọ́ńbà módẹ́lì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí módẹ́lì kan bá gba gígábáìtì 18, RTX 3090 lè kà á ní ìgbà 52 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, token 52 sì ni òkè téńté tó lè dé. Kọ̀ǹpútà ilé tí ìrántí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní DDR4, ń gba ọ̀nà méjì, tó ń ka gígábáìtì bíi 51, kò lè pé token 3, bó ti wù kí CPU rẹ̀ lágbára tó. Ìgbà tí AI bá ń ka ìbéèrè gígùn kó tó dáhùn nìkan ni agbára ìṣirò máa ń gba ipò iwájú.

Àwọn tí kò lówó RTX 3090 padà sọ́dọ̀ Tesla P40, tí àwọn gbọ̀ngàn ẹ̀rọ ti ń kó dànù. Ìyára kíka ìrántí rẹ̀ kò ju gígábáìtì 347 lọ, ṣùgbọ́n gígábáìtì 24 kò parẹ́ lára rẹ̀. Kò ní fáànù, torí pé àwọn fáànù ńlá inú àpótí server ilé-iṣẹ́ ló ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá. Kò ní ojú ihò tí wọ́n lè ki wáyà ojú kọ̀ǹpútà bọ̀. Ihò iná rẹ̀ kì í sì í ṣe ti káàdì onígéèmù bí kò ṣe irú ti CPU, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi ipá ki wáyà tí kò yẹ bọ̀ ọ́ lè jó o. Onílé á wá fáànù afẹ́fẹ́ kékeré, á fi ẹ̀rọ tó ń tẹ ohun onírìísí ṣe ọ̀nà atẹ́gùn oníke tí yóò so fáànù náà mọ́ ìdí káàdì, ariwo rẹ̀ á sì gba ilé kan. Àwọn tó lò ó fara mọ́ ọn, nítorí pé ibi tí wọ́n ti lè rí gígábáìtì 24 ní owó kékeré bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà.

Apple gba ọ̀nà mìíràn wọlé, òun náà kò sì ronú kan àwọn onílé wọ̀nyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ṣíìpù M1 tó jáde ní oṣù Bélú 2020, CPU àti ẹ̀yà àwòrán ń lo ìrántí kan náà, láìsí ààlà láàárín wọn, kí kọ̀ǹpútà alágbèéká lè dín iná tó ń jẹ kù. Nígbà tí Mac Studio dé ní 2022 pẹ̀lú ìrántí tó lè tó gígábáìtì 128, tó sì ń kà á ní gígábáìtì 800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń to fíìmù ti di ẹ̀rọ AI kí ẹnikẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ wọ́n, ó sì lọ́ra láti ka ìbéèrè gígùn, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ rọ́rọ́, kì í sì í jẹ iná púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kò sì ṣeé fojú fò. RTX 3090 kan ń jẹ wáàtì 350 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ kíkún, ó sì máa ń ta sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìdá bíńtín nínú ìṣẹ́jú àáyá, tó lè mú kí àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà kú lójijì. RTX 5090 tó jáde ní 2025 lè jẹ 575. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ní Nàìjíríà kò gbé ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ, nítorí náà server oníkáàdì kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán kí wọ́n tó tan gílóòbù. Àwọn awakùsà ló kọ́kọ́ fi àṣà àtúnṣe lélẹ̀, tí wọ́n ń pàṣẹ fún káàdì pé kò gbọ́dọ̀ jẹ ju wáàtì 250 tàbí 280 lọ, àwọn onílé sì jogún rẹ̀. Níwọ̀n bí kíka ìrántí ti ń dá iṣẹ́ dúró ju ìṣirò lọ, ohun tí wọ́n ń pàdánù nínú ìyára kéré púpọ̀ sí iná tí wọ́n ń fi pamọ́.

Ìyípadà tó kàn wá láti Ṣáínà. Ilé-iṣẹ́ DeepSeek gbé módẹ́lì V3 jáde ní oṣù Ọ̀pẹ 2024, R1 sì tẹ̀ lé e ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, méjèèjì ní nọ́ńbà bílíọ̀nù 671, ṣùgbọ́n wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, tó fi jẹ́ pé bílíọ̀nù 37 péré ni wọ́n ń kà fún token kọ̀ọ̀kan. Irú módẹ́lì báyìí ń fẹ́ ìrántí tó pọ̀ gan-an, àmọ́ kò fi dandan fẹ́ ìrántí tó yá bí ti orí káàdì. Àwọn onílé yíjú sí pátákó server EPYC ti ilé-iṣẹ́ AMD, tí ìrántí DDR5 rẹ̀ ń gba ọ̀nà 12, tó sì lè ka gígábáìtì bíi 460 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n sì fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún gígábáìtì ìrántí lásán kún un láìsí káàdì olówó ńlá. Ní ọdún 2025 yẹn náà ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, lára wọn ni DGX Spark ti Nvidia, tó ní gígábáìtì 128. Ó kéré, ó mọ́ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ìyára kíka ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 273, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti RTX 3090 ọdún 2020.

Ohun tí onílé ń ṣà jọ láti ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni ẹlòmíràn wá ń ṣà mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ọdún 2025 ń lọ sópin. Àwọn gbọ̀ngàn AI ńlá ra ṣíìpù ìrántí débi pé owó ìrántí kọ̀ǹpútà lásán fò sókè ní ìlọ́po láàárín oṣù mélòó kan. Ní oṣù Ọ̀pẹ, Micron, ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìrántí ayé, kéde pé òun yóò pa ẹ̀ka Crucial tì, ẹ̀ka tó ti ń ta ìrántí fún àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà láti 1996, kí òun lè gbájú mọ́ àwọn oníbàárà ńlá. Ẹni tó ra ìrántí server rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà kò tún lè rí irú rẹ̀ rà ní iye yẹn mọ́ nígbà tí ọdún fi ń parí.